Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Kì í Pa Arọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Utako, lórí àwọn ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ odò, àti ìṣọ́ tí ó kù sí ọwọ́ àwa fúnra wa

 

Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí omíyalé kí òjò ọdún yìí tó dé. Ẹlòmíràn lè máa wí nínú ara rẹ̀ pé, kí ni ó kan ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Utako nínú ọ̀rọ̀ odò? Utako kò sí létí odò ńlá kankan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí orúkọ tí àwọn bàbá wa fi ń pe ilẹ̀ tí a wà yìí. Òkè Ọya ni. Odò Ọya ni a là kọjá kí a tó dé ibi tí a ti ń jẹun, òun náà ni ẹrù wa ń là kọjá lójoojúmọ́. Bí Ọya bá bínú ní Lọ́kọ́ja, ọjà Utako yóò gbọ́.

Ní ọdún 2012, omíyalé pa ènìyàn 363 ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù 2 lọ kúrò nílé wọn. Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, omi ga dé mítà 12.84 lórí pátákó ìwọ̀n ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 2022, ó tún dé. Àwọn tí ó kú lé ní 600, àwọn tí ó fi ilé sílẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹ kò gbàgbé bí omi ti bo ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Abuja ní oṣù kẹwàá ọdún náà, tí àwọn ọkọ̀ epo há sójú ọ̀nà, tí àwa náà sì ń tò fún epo ní ìlú yìí.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan, nítorí ìwé ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ wa, ìwé kì í sì í gbàgbé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀nà náà fẹ́ dí, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ń gbé Lọ́kọ́ja fi fóònù pè wá ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó ní omi ti gun àtẹ̀gùn kejì nílé àwọn, kí a sọ fún gbogbo ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń bọ̀ láti ilé kí wọ́n dá a dúró. A kọ ọ́ sínú ìwé. A fi ọjọ́ sí i, a fi àkókò sí i, a sì fà á nílà. Lẹ́yìn náà a ní kí a dúró de ìpàdé ọjọ́ Àìkú, kí Alága lè kà á fún ẹgbẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin wa wí. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ méjì tí ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ti há sáàárín àwọn ọkọ̀ tí ó tò lọ bí ẹrẹ̀ ìjàlọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pọ́n, ó rọ̀, ó jẹrà. Àwọn ìyá mẹ́ta tí wọ́n yá owó ẹgbẹ́ rà á ni wọ́n ru gbèsè náà. Títí di òní, ẹnì kan nínú wọn kò tíì san án tán. Ìkìlọ̀ dé o, ará wa. Ọwọ́ wa ni ó kú sí.

Láti ìgbà náà ni a ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀, bí wọ́n ti ń ṣe é tí ìkìlọ̀ ẹ̀rọ kì í fi í kú sọ́nà. Ìwé mẹ́fà ni a kà, a kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá béèrè títí tí ó fi yé e, ó lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ilé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù kò jìnnà sí wa. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ àwọn odò Nàìjíríà, èyí tí a ń pè ní NIHSA, wà ní òpópónà Shettima Ali Monguno ní Utako níhìn-ín, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ Julius Berger. Òfin tí ó dá a sílẹ̀ jáde ní 2010. Láti 2013 ni ó ti ń gbé ìwé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún, tí ó ń dárúkọ àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè dé. Púpọ̀ nínú wa ń gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kọjá lọ sọ́jà, a kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé náà.

Ìṣọ́ odò ti àtijọ́ rọrùn. A ó ri pátákó tí a fàlà sí mọ́ ẹsẹ̀ afárá, ẹnì kan yóò máa lọ wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, yóò sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Pátákó náà ṣì wúlò títí di òní. Ṣùgbọ́n omi kì í dúró de àárọ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Wọ́n a so òmíràn mọ́ abẹ́ afárá, yóò máa rán ìgbì rédíò lọ lu ojú omi, yóò sì fi bí ìgbì náà ti pẹ́ tó kí ó tó padà mọ ibi tí omi ga dé. Wọ́n a rì òmíràn sí ìsàlẹ̀ odò, yóò máa fi ìwúwo omi tí ó wà lórí rẹ̀ mọ bí odò ti jìn tó. Èyí tí ń wọn òjò ní ife kékeré kan tí ń dànù nígbàkúùgbà tí ó bá kún. Ẹ̀rọ a máa ka iye ìgbà tí ó dànù. Pátákó agbóòrùn àti bátìrì ni ó ń fún wọn lágbára. Wọ́n a sì rán ohun tí wọ́n kà lọ sí olú ilé iṣẹ́ nípa ìlà fóònù tàbí nípa sátẹ́láìtì.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tí ó gbógun ti àrùn ojú fífọ́ etí odò, nínú ètò kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1974 tí ó sì parí ní 2002, ti gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí etí odò láàárín àwọn ọdún 1980. Ẹ̀rọ náà ń fi gíga omi ránṣẹ́ nípa sátẹ́láìtì, kí àwọn tí ń fi hẹlikópítà da oògùn sódò láti pa ìdin kòkòrò lè mọ iye oògùn tí yóò tó.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò lè ṣọ́ odò. Kamẹrúùnù ni Bẹ́núè ti ń bọ̀, níbi tí ìsédò Lagdo wà. Òkè ilẹ̀ Gínì ni Ọya ti ń bọ̀, ó la ilẹ̀ Málì àti Nìjẹ̀ kọjá, omi òjò tí ó rọ̀ lọ́hùn-ún a sì máa lo oṣù púpọ̀ lọ́nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà ẹ̀rọ púpọ̀ ni a ń tò sí etí odò, kí ti òkè lè sọ fún ti ìsàlẹ̀ ohun tí ń bọ̀. Nínú bí a ti ń tò wọ́n àti bí a ti ń dán wọn wò ni a ti rí ẹ̀kọ́ mẹ́ta fún ẹgbẹ́ wa.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé ẹ̀rọ tí ó wà létí odò gbọ́dọ̀ lè ro nǹkan fúnra rẹ̀. Bí a bá ní kí ó máa ka omi ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa rán gbogbo rẹ̀ lọ, ìgbà 1,440 ni yóò ránṣẹ́ lóòjọ́. Ìránṣẹ́ ni ó sì ń jẹ bátìrì jù, kíkà kò jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní àkókò tí ìkùukùu bo oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, bátìrì yóò kú, àkókò òjò yẹn gan-an ni a sì ń wá a. Nítorí náà wọ́n fi ọpọlọ kékeré sí i nínú. Ó ń kà, ó ń ṣírò, ó ń tọ́jú ìwé rẹ̀ sínú, ó sì lè máa rán àkópọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí, tí í ṣe ìgbà 24 lóòjọ́. Bí ìlà fóònù bá já, kò sí ohun tí ó sọnù. Nígbà tí ìlà bá padà, yóò rán èyí tí ó kù.

Ọpọlọ náà tún ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí ó tó sọ ọ́. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbọ́ èyí. Bí ẹ bá béèrè iye tí wọ́n ń ta kọ́ńgò gàrí lọ́wọ́ ìyá márùn-ún, tí mẹ́rin dá iye kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, tí ẹ̀karùn-ún sì dá iye tí ó fẹ́ fi lé yín lọ, ẹ kì í fi ti ẹ̀karùn-ún mọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣe. Ká ní ó ka mítà 4.12, 4.13, 4.12, 6.90 àti 4.14. Èyí tí ó jẹ́ 6.90 yẹn, ọkọ̀ ojú omi ni ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá ro márààrún pọ̀ tí ó sì pín in sí márùn-ún, yóò wí pé omi ga ní mítà 4.68, irọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, tí ó mú èyí tí ó bọ́ sáàárín, 4.13 ni yóò sọ, òótọ́ sì ni.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nìyí: bí omi bá kọjá ààlà tí a fi lélẹ̀ fún un, tàbí tí ó ń yára gòkè ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ̀rọ tí a ṣe dáradára kì í dúró de wákàtí tí yóò ránṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò ké. Kì í kọ̀wé sí olú ilé iṣẹ́ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n ké?” A ti fún un láṣẹ ṣáájú. Ẹ wá wo ibi tí àwa ti ṣìnà ní 2022. Ẹni tí ó wà ní Lọ́kọ́ja ríran, ó sì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti ké kí ó tó di ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé òfin tí a fún ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣeé yí, kí ó sì bá ibi tí ó wà mu. Ní Lọ́kọ́ja, odò fẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni omi ń gòkè fún ọjọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, òjò òru kan ṣoṣo ni ó rọ̀ sí Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, tí àgbàrá fi gbé ilé lọ láàárọ̀, tí àwọn tí ó kú sì lé ní 150. Mokwa yẹn, ìlú tí àwọn ọlọ́jà láti Gúúsù àti àwọn àgbẹ̀ láti Àríwá ti ń pàdé ni. Bí a bá gbé òfin odò Lọ́kọ́ja fún ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ irú ibẹ̀, nígbà tí yóò fi ké, omi ti wọlé. Bí a bá sì gbé òfin ibẹ̀ fún Lọ́kọ́ja, gbogbo òjò ni yóò máa ké sí. Ọdẹ òru tí ń fọn fèrè nítorí eku, ẹnikẹ́ni kì í dìde sí i mọ́ ní ọjọ́ tí olè bá dé.

Àkókò náà yàtọ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kíkà kan ní wákàtí kan lè tó. Nígbà òjò, ìṣẹ́jú márùn-ún lè pẹ́ jù. Nítorí náà wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ tí a lè jókòó sí olú ilé iṣẹ́ kí a sì fi ìránṣẹ́ yí òfin rẹ̀ padà, láìjẹ́ pé ẹnì kan gun afárá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fún láṣẹ nìkan ni ó gbọ́dọ̀ yí i, a sì gbọ́dọ̀ kọ ẹni tí ó yí i, ọjọ́ tí ó yí i, àti ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ìwé kíkọ wúlò níbẹ̀ o. Kí ó ṣáà má dí ìkìlọ̀ lọ́nà.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ìdánwò. A kì í ra ìwọ̀n lọ́jà kí a má gbé nǹkan tí a mọ ìwúwo rẹ̀ lé e. Kí ẹ̀rọ tó dé odò, wọ́n a fi àgbá omi dán an wò nílé: wọ́n a bu omi dé ibi tí wọ́n fàlà sí, wọ́n a wo ohun tí ó sọ. Bí ó bá dé odò, wọ́n a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé pátákó àtijọ́ yẹn. Ní Yunifásítì Makerere ní Kampala, ilẹ̀ Ùgáńdà, àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ AirQo tí ń wọn ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ a máa so ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ńlá tí gbogbo ayé gbà gbọ́, kí wọ́n lè rí ibi tí ti wọn ti ń ṣì í kí wọ́n sì tún un ṣe.

Ìdánwò ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò sì tó. A gbọ́dọ̀ dán gbogbo wọn wò papọ̀. A lè kó gíga omi ọdún tí ó ti kọjá fún wọn, bí ẹni pé ó tún ń ṣẹlẹ̀, kí a wo wákàtí tí wọn yóò ké. A lè mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹ̀rọ kan, kí a wo bí yóò ti pẹ́ tó kí olú ilé iṣẹ́ tó mọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rọ lè túmọ̀ sí pé omi kò gòkè. Ó sì lè túmọ̀ sí pé olè ti jí bátìrì rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí kò tilẹ̀ sí ìròyìn, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa ránṣẹ́ lóòrèkóòrè pé, “Mo wà.”

Olè kọ́ ni a fi ń ṣeré níbi ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹ̀rọ tí kò ní ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ kì í pẹ́. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Delft ní Hólándì àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà dá ètò kan tí ń jẹ́ TAHMO sílẹ̀, láti gbé ẹ̀rọ tí ń wo ojú ọjọ́ káàkiri Áfíríkà. 20,000 ni wọ́n fi ṣe àfojúsùn. Wọ́n yẹra fún ohun tí ń yí tàbí tí ń mì nínú ẹ̀rọ náà, nítorí eruku àti kòkòrò. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì gbé sí ọgbà ilé ìwé, kí àwọn ọmọ lè fi kẹ́kọ̀ọ́, kí ará ibẹ̀ sì máa bójú tó o. Ohun tí ọmọ ẹni ń lò, a kì í jẹ́ kí olè gbé e.

Ará wa, gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí, ibi tí ó ń parí sí ni inú ilé iṣẹ́, orí rédíò, àti ojú fóònù. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìyá tí ń sùn sí ìdí ẹrù rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, kò sí ẹ̀rọ kankan. Àwa ni. Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a mú wá síwájú ìpàdé.

Èkíní: ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí àwọn ènìyàn wa wà létí omi, ní Lọ́kọ́ja, Koton-Karfe, Jẹ́bà, Mokwa àti Makurdi, kí a yan olùṣọ́ kan àti igbákejì rẹ̀. Kí a fún wọn láṣẹ lónìí láti pe àwọn ọlọ́jà àti àwọn awakọ̀ tààrà, láìdúró de ìpàdé.

Èkejì: kí olùṣọ́ kọ̀ọ̀kan fi ààlà tirẹ̀ lélẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ìlú, ohun tí ojú lè rí, bí àtẹ̀gùn tàbí ẹsẹ̀ igi. Kí wọ́n bi àwọn Nupe, Ígálà àti Ẹ̀bìrà tí wọ́n bí sí etí omi náà, kí wọ́n sì máa ké fún àwọn náà, nítorí omi kì í béèrè ilà kí ó tó wọlé. Bí olùṣọ́ kan bá ké, kí awakọ̀ dẹ ẹsẹ̀, kí ó sì béèrè. Bí méjì bá ké, kí ẹrù dúró. Lọ́dọọdún, kí a yẹ ààlà náà wò níhìn-ín.

Ẹ̀kẹta: ní gbogbo oṣù òjò, kí olùṣọ́ máa fi “Mo wà” ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tí a kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, kí a pè é kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀kẹrin: kí òjò tó dé, kí Alága yan ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, kí ó pe olùṣọ́ Lọ́kọ́ja pé omi ti dé ààlà, ìdánwò ni. A ó ka ìṣẹ́jú tí yóò fi dé etí ìyá tí ó kẹ́yìn nínú ọjà Utako. Ohun yòówù kí ó jẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ dójú tì wá.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ní owó fóònù yóò pọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Òmíràn ní, bí olùṣọ́ bá ké tí omi kò dé ń kọ́? Ẹrù yóò pàdánù ọjọ́ kan, a ó sì tún ààlà yẹn ṣe. Àwọn tí wọ́n ru gbèsè ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ béèrè èwo ni ó wọ́n jù lọ́wọ́ wọn.

Ní ti akọ̀wé yín, òfin tuntun kan ni a ti fi de ara wa: kí a kọ́kọ́ ránṣẹ́ ná, kí a tó kọ ìwé. A sì bẹ̀ yín, kí ẹ tó dìbò lórí ohun mẹ́rin wọ̀nyí, kí ẹ fi orí jin ìyá tí gbèsè kù sí lọ́rùn. Kì í ṣe òun ni ó jẹbi. Ìkìlọ̀ tirẹ̀ wà nínú ìwé wa láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ṣùgbọ́n arọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kí ogun tó dé. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a rí ìjà omi. Kí ó jẹ́ kí ẹrù wa máa là Ọya kọjá láyọ̀, kí àwa náà sì máa là á kọjá padà sílé láyọ̀.